Àwòrán Tí Àǹtí Mi Fi Ṣe Èènì

                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Nkembo,
                                        Libreville, Gabon.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2024.

Bushrah, Ìyá Ridwanullah, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni o? Ṣé dáadáa lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ridwanullah ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun báyìí, àbí ẹ ṣì ń fi abọ́ lé e kiri ilé? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ti dé sí Ìlọrin, ẹ kú ojú ọjọ́ o. Níbí ní tiwa, òjò ni ṣáá. Aṣọ tí mo sá láti àná kò tíì gbẹ. Ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mùs'áb ọkọ mi kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń sùn kọjá ibi tó ò ń lọ nínú bọ́ọ̀sì.

Mo mọ̀ pé o ti bú mi títí, pé Muslimat ti di ará Gabon, ó ti gbàgbé ẹni. Má bínú, jàre. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ mọ ibi tó máa já sí kí n tó gbé kálámù. Ó ti já síbi ire báyìí, alihamudulilahi. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti lẹ́tà yìí.

O rántí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, oríṣiríṣi irun ni mò ń yà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí ní àdúgbò Awendjé. Gálẹ́rì, ilé tí wọ́n ti ń ta àwòrán, tí mo kọ́kọ́ lọ láàrin ìlú, ọkùnrin ibẹ̀ kò tilẹ̀ wò ó ní àwòtúnwò. Ó ní irú rẹ̀ dára fún hòtẹ́ẹ̀lì. Mo délé, mo kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní mi ò ṣe mọ́.

Ẹ̀bá títì ni mo ti rí ohun tí mò ń yà báyìí. Bí o bá fẹ́ wọ takisí níbí, wàá bẹ̀rẹ̀ síbi fèrèsé rẹ̀, wàá sọ ibi tó ò ń lọ àti iye tí o máa san. Bí awakọ̀ bá gbà, á fọn fèrè. Bí kò bá gbà, á wakọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kò sí takisí tó gbà fún mi, ni mo bá dúró, mo ń wo ẹ̀yìn àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ níwájú mi: tíṣà, aláṣọ, ìyá tó pọn ọmọ. Bushrah, ẹ̀yìn èèyàn ń sọ̀rọ̀ o! Wàá mọ ẹni tó ti rẹ̀, wàá mọ ẹni tí inú ń bí, wàá mọ ẹni tí kò ní ju owó ọkọ̀ yẹn lọ lápò. Mo fẹsẹ̀ rìn délé, mo sì fa gbogbo nǹkan mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ni mò ń yà, mi ò ya ojú.

Ẹ̀yìn tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ náà, ti ìyá mi ni. O mọ̀ pé mo kéré nígbà tí wọ́n kú, fọ́tò wọn kan ṣoṣo sì bá ilé wa jóná. Gbogbo ohun tó kù sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ń lọ níwájú, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n fi ọwọ́ òsì ká ìró sókè lẹ́yìn, èjìká kan sì lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ. Ojú wọn ti parẹ́ pátápátá. Bí mo bá di ojú mi láti rántí wọn, mi ò rí nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí jù láyé yìí nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nítorí náà, àwòrán kékeré yẹn ni ìyá mi. Mi ò ní òmíràn.

Mádáàmù Sidonie, tó ní gálẹ́rì kan ní àdúgbò Charbonnages, ló rí iṣẹ́ mi lára ògiri onídìrí rẹ̀, ló bá wá mi wá. Ó rí àwọn ẹ̀yìn náà nílé mi, ó ní kí n kó gbogbo wọn wá fún àfihàn. Mo sọ fún un pé ti ìyá mi kì í ṣe títà. Ó ní kò burú, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì lẹ iye owó mọ́ ọn bíi tàwọn yòókù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn náà, Àǹtí Adétóun ní àwọn máa bá mi dúró ti ọjà. Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí, aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Mont-Bouët, wọ́n sì ti wà nílùú yìí kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mi ò sọ fún wọn pé ìyá mi wà lára ògiri. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ibí ni Àǹtí wà nígbà tí ìyá mi kú, ìsìnkú sì ti parí kí ìròyìn tó kàn wọ́n. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti bi wọ́n pé báwo ni ìyá mi ṣe rí, wọ́n á ní nǹkan ń jóná lórí sítóòfù, wọ́n á dìde.

Èèyàn wá o! Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Gaston ló ra èyí tó tóbi jù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ ọn. Mádáàmù Sidonie lẹ bébà pupa kékeré mọ́ àwòrán náà, torí àṣà tiwọn ni pé ẹni tó bá rà á kò ní gbé e lọ títí àfihàn á fi parí. Ó wá fà mí wọ yàrá kejì láti lọ kí àwọn àlejò kan. Ibẹ̀ ni mo wà tí Àǹtí rí oníbàárà tó ti sanwó, tó ń fi ọwọ́ òfìfo jáde lọ. Ara wọn ò gbà á. Èèyàn á sanwó, kò ní gbé ọjà, kò tún ní gba èènì? Wọ́n wo ògiri yíká, wọ́n rí ọ̀kan tí kò ní iye owó lára. Ohun tí kò ní iye lára, kí ni bí kò ṣe èènì? Wọ́n yọ ìyá mi láìwò ó dáadáa, wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n sáré bá bàbá náà lẹ́nu ọ̀nà: "Cadeau, patron!" ìyẹn ni pé ẹ̀bùn ni, ọ̀gá. "Ẹ padà wá o!" Bàbá dúpẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, ìṣó lásán ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Mo ti bá ọ fi èènì mú un. Kò ní ra tẹlòmíràn mọ́ láyé." Bushrah, ìyá mi ti lọ! Mi ò lè pariwo mọ́ Àǹtí láàrin èrò. Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi ìborùn bo ẹnu, mo sunkún bí ọmọdé.

Mádáàmù Sidonie kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ èènì nídìí àwòrán. Mo ṣàlàyé títí, ó kàn ń di orí mú. Ó pe fóònù bàbá náà, kò wọlé. Ọjọ́ kejì, kò wọlé. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Mùs'áb ni kò lè mú un mọ́ra, ó lọ bá Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ òótọ́ fún wọn. Àǹtí, ẹni tí ibà kì í mú kó ti ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Wọ́n dé ilé mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Muslimat, ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ṣe èènì?" Mo jókòó tì wọ́n.

Ọlọ́run ṣe é, bàbá Gaston gbé fóònù lọ́jọ́ kan. Òkú mọ̀lẹ́bí wọn kan ló gbé e lọ sí Port-Gentil. Ó ní àwòrán wà nílé lọ́dọ̀ ìyàwó òun, Mádáàmù Jeanne. A wọ takisí lọ. Àǹtí gbé aṣọ tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù wọn dání láti fi ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sì ń fi Faransé ọjà wọn ka ẹ̀bẹ̀ lọ́nà bí ọmọ ilé kéwú.

Obìnrin náà gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ohun tí a bá wá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun tí wọ́n bá fún èèyàn ti di tirẹ̀. Ó ti gbé e kọ́ síwájú tábìlì ìjẹun, ó ní àwòrán náà ni òun ń wò mu kọfí láràárọ̀. Mo yíjú sí Àǹtí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Àǹtí ti gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Iwájú àwòrán ni wọ́n dúró sí. Wọ́n nawọ́ sí i, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ká ìró nìyẹn. Èjìká yẹn, omi tí wọ́n ń pọn fún wa ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Omijé sì dà. Mádáàmù Jeanne bi mí ohun tí wọ́n ń sọ. Mo sọ fún un pé ìyá mi ni, ẹ̀gbọ́n wọn ni, a ò ní fọ́tò. Ó fa àga kan wá. Ó gun àga, ó yọ ọ́, ó gbé e lé Àǹtí lọ́wọ́. Ó ní òun ò gba aṣọ; ìgbà tí Àǹtí fẹ́ bínú ló tó gbà á. Mo ṣèlérí pé màá ya òmíràn fún un.

Háà, ara tù mí! Inú takisí yẹn ni mo ti mọ̀ pé ebi ń pa mí. Àǹtí wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn ò sì dákẹ́ títí a fi délé. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní, "Mú bébà wá. Ìyá rẹ ní ojú." Mo mú pẹ́ńsùlù. Àǹtí ní, "Iwájú orí wọn gbòòrò. Rárá, kò tó bẹ́ẹ̀." Mo pa á rẹ́. "Imú tìrẹ yẹn gan-an ni. Èjí wà ní eyín wọn, ya èjí náà. Ẹnu yẹn ń rojú, ẹ̀gbọ́n mi kì í rojú!" Mo tún un yà. Nígbà tó yá, Àǹtí ò sọ nǹkan kan mọ́, mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Mo gbójú sókè. Àǹtí ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bébà náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Àǹtí ti gbé àwòrán ẹ̀yìn náà lọ sílé wọn, mi ò sì bá wọn du. Mùs'áb ní ibi tó bá wù mí ni kí n gbé ti ojú kọ́ sí, kó má ṣáà ti jẹ́ yàrá tí a ti ń kírun. Mádáàmù Sidonie fẹ́ kí a ṣe àfihàn mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí àlejò ni kí Àǹtí wá, kì í ṣe ọlọ́jà.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí baálé rẹ, kí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wa tí o bá rí ní ọjà. Mo ya ojú náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Bí Ridwanullah bá bi ọ́ pé ta nìyí, sọ fún un pé ìyá Àǹtí Muslimat ni.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
                                        Muslimat.