Epo Lára Òrùka Tí Kò Gbọdọ̀ Mu Epo

Ẹ̀gbọ́n mi Shouyi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san. Wọ́n tún ti ń po ìyẹ̀fun fúnra wọn.

Ẹ rántí òrùka písítìnì ẹ́ńjìnnì dísù tí à ń ṣe níléeṣẹ́ wa níbí, tí a po ìyẹ̀fun dúdú inú pẹ́ńsù mọ́ irin rẹ̀ kó lè máa yọ̀ láìsí epo, kí èéfín sì dínkù. Lánàá tí a tú u wò lẹ́yìn ìdánwò tó yẹ kó ṣe láìsí epo rárá, epo ló kàn mí lọ́wọ́.

Mo bi ọ̀gá wa pé, "Ọ̀gá Geng, ta ló da epo sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lanzhi, ojú ẹ ti mú jù. Ṣáà buwọ́ lùwé pé ó yege."

Mi ò buwọ́ lù ú. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdánwò lọ́wọ́ mi.

Bí Ọ̀gá Geng bá fi òrùka ránṣẹ́ fún ọkọ̀ ìpẹja yín, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á; láìsí epo, ẹ́ńjìnnì yín lè kú láàárín òkun. Omi òkun kò ní gbé yín.

Àbúrò yín,
Lanzhi