Fóònù Ti Kún, Ilé Ò Tíì Kún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Bí ọdún ṣe ń lọ sópin yìí, kò ní gbé ohun rere kankan lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, ṣùgbọ́n mo ń fi ti òsì tì í lẹ́yìn. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má rán ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn.

Fóònù tó o rà fún èmi àti ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́jọ́ tó o ní fọ́tò ọdún lo máa fi ránṣẹ́ dípò kó o wálé, fóònù ò gbà á wọlé. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní ó ti kún. Inú mi dùn. Mo gbé e lọ sí ìsìn ìdúpẹ́, mo gbé e sókè níwájú pẹpẹ, mo ní kí ìjọ bá mi yọ̀, pé oko mi ò so dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò jẹ́ kí gbogbo àká mi ṣófo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó ṣe àmín.

Àṣé ẹni tó ń tún fóònù ṣe ò sọ ọ́ bí ohun ayọ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní ohùn ìyá rẹ ló kún inú ẹ̀, gbogbo èyí tó máa ń sọ ránṣẹ́ sí ọ kó tó fi wá sílẹ̀, pé kí n jẹ́ kóun kó o dànù kí fọ́tò rẹ lè ráyè wọlé. Mo ní bàbá mi ṣe àgbẹ̀ títí tó fi kú, mi ò rí i kó da àgbàdo nù torí pé àká kún. Ó ní olóríkunkun ni mí. Mo ní ìyá rẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀.

O ní o ò fẹ́ wálé torí pé ilé á dákẹ́ jù láìsí ìyá rẹ. Ọmọ mi, kò dákẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń tẹ fóònù náà, tí ìyá rẹ á máa gbàdúrà fún ọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ti ń bẹ Ọlọ́run kó ṣọ́ ọ, ló bá dúró, ó lé adìẹ kúrò lórí àga rẹ, ó tún padà sídìí àdúrà. Mo máa ń ṣe àmín sí méjèèjì. Tí mo bá gbọ́ ọ tán ni mo máa ń lágbára àtigbé ọkọ́.

Nítorí náà, tówó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra fóònù mìíràn tó ṣófo, kí fọ́tò rẹ ríbi gbé. Tí kò bá sí, má yáwó. Wọkọ̀, kó o máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Fóònù ló kún, ilé ò tíì kún.

Ọlọ́run tí ìyá rẹ fà ọ́ lé lọ́wọ́ kò ní gbàgbé rẹ. Ẹsẹ̀ ayọ̀ ni wàá fi tẹ ẹnu ọ̀nà yìí, ojú mi á sì rí i.

Èmi ni bàbá rẹ. Mo ti lé adìẹ kúrò lórí àga.