Sí Ìdílé Afọwọ́kàn-án: Ọmọ Yín Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n olóògbé,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ẹnu kò lè ròyìn ni àwa olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti mẹkáníìkì ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bààlúù fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọmọ yín, nígbà tí bààlúù kékeré tí òun nìkan ń wà dojú dé bó ṣe ń balẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú.

Afọwọ́kàn-án là ń pè é. Kì í fojú lásán yẹ bààlúù wò. Ọwọ́ ló fi ń bá gbogbo ara rẹ̀ lọ kó tó wọ̀ ọ́. Òun ló kọ́ wa láti máa fi aṣọ funfun nu ìdí ẹ́ńjìnnì, nítorí òróró tó ń jò tí ojú kò rí, aṣọ funfun á fi hàn. Á sọ fún èmi ọ̀gá mẹkáníìkì pé, "Bàbá, aṣọ yín yìí mà dọ̀tí ju ẹ́ńjìnnì lọ!" Ẹ̀ẹ̀mejì ni aṣọ funfun yẹn ti yọ wá nínú ewu.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi bààlúù balẹ̀. Irọ́ ni. Olùkọ́ rẹ̀ wà létí pápá, ó sì rí i: jẹ́jẹ́ ni táyà kan ilẹ̀. Irin ẹsẹ̀ òsì bààlúù náà ló kán. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti já bààlúù náà mọ́lẹ̀ gbì nígbà tó ń balẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí jàǹbá yìí fi ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Ọ̀pọ̀lọ́ la ó máa pè é títí oṣù á fi parí. Àwa àgbà náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Irin náà sán lábẹ́ ìbòrí, níbi tí ọwọ́ kò dé. Bí bààlúù bá dúró, ojú ibẹ̀ á pa dé. Bó bá tún balẹ̀, á là sí i. Ó ń là bẹ́ẹ̀, àwa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, à ń kí ara wa.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín tí ẹnìkan ń sá fún lọ́dọ̀ wa ló di ikú ọmọ yín. Ẹ̀bi wa ni, a sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà wa, kí ẹnikẹ́ni má ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ yóò wá jókòó tì yín, yóò dáhùn gbogbo ìbéèrè yín láìfi ohunkóhun pa mọ́.

A ti fòfin de orúkọ yẹ̀yẹ́ náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta jẹ́wọ́ pé àwọn náà ti já bààlúù mọ́lẹ̀ rí. A tú ìbòrí, a sì bá irú sísán kan náà lára bààlúù méjì tí ì bá gbéra lọ́jọ́ kejì.

Kí Ọlọ́run wọ inú ilé yín lọ, kó dúró níbi tí ọ̀rọ̀ wa kò lè dé, kó sì rẹ̀ yín lẹ́kún.

Ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì,
lórúkọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́.