Ẹgbẹ́ Ìkàwé Tí Àwọn Ìyá Ń Ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rí ìwòsàn? Ara tèmi náà dá ṣáṣá, àfi pé ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní yunifásítì ìlú onílùú níbí, bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, kálukú á gbé báàgì kọ́ èjìká, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ó rántí pé mò ń bá wọn to ìwé nílé ìkàwé àdúgbò. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè àfi tó bá ń sín, pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn òbí kan wà nítòsí tí wọn kì í rán ọmọ lọ sílé ìwé, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, kí n dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Ó fún wa ní yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí èrò ò bá dúró, òun á gbé e fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ mọ̀ mí, ojú máa ń tì mí láti kí aládùúgbò, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dẹ́rù bà mí.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, mo fọwọ́ pa kálukú lórí, mo bi wọ́n ní kíláàsì tí wọ́n wà, bí àwọn àbúrò bàbá wa ti máa ń ṣe fún wa. Mo rò pé àwọn ìyá á fi ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Rárá o. Wọ́n fa àga ti ògiri, kálukú ṣí ìwé lé itan. Mò ń ka ìtàn ọmọ kan tó ń wá orísun odò, mo sì ń fi igun ojú wò wọ́n. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n èmi rí. Kò sẹ́ni tó ṣí ojú ewé kejì nínú wọn. Èmi ni wọ́n ń kà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èrò dín kù. Bí mo bá gbé àga kọjá, ọ̀rọ̀ á gé lẹ́nu wọn bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ṣé ahọ́n àlejò tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ni wọn ò fẹ́ ni? Ṣé àwọn náà ń wá yàrá yìí ni? Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ò bìkítà, èyí tí mo sọ ní Agbẹjọ́rò nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í jiyàn sí. Ó ní, “Àǹtí, odò ò lè ní ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ ìwé yìí ò bi omi léèrè.”

Ìyá rẹ̀ ló wá tẹ̀ lé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ìtàwé, ó dúró, ó ń wo gíláàsì ilé oògùn. Mo sọdá, ó sọdá. Mo yíjú padà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Ṣé èmi lẹ ń wá?”

“Ta ló rán ọ sí wa?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, mà.”

“Parọ́ fún ẹlòmíì! Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló rán ọ. Àwọn tó ń wá yẹ ilé wa wò nìkan ló ń bi ọmọ wa ní kíláàsì tí wọ́n wà.”

Háà! Ìkíni lásán tí mo kí ọmọ ọlọ́mọ! Mo ṣàlàyé títí, kò wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ wá já bọ́ lẹ́nu mi: “Mà, bí mo bá jẹ́ amí, ṣé bàtà mi á rí báyìí?”

Ó wo bàtà náà, kò rẹ́rìn-ín. “Amí tó mọṣẹ́ kì í wọ bàtà tó dáa.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, òun àti Agbẹjọ́rò nìkan ló wá. Ọ̀gá mi yọjú, ó wo àwọn àga òfìfo, ó mi orí. Mi ò bi ọmọ ní kíláàsì kankan mọ́. Bí mo ṣe ṣí ìwé, ìyá náà dìde, ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rí òjìji ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ ilẹ̀kùn tí kò kúrò níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò rí ibi tí mò ń wò. “Mọ́mì mi ni. Wọn ò tíì débi búrẹ́dì.”

Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Mo wá gbé ohùn sókè, mo ń kàwé lọ kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lè gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ inú ìwé sọnù sínú igbó, ọ̀fun mi gbẹ, mo dákẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

“Kí ló dé tí o dúró?” Ìyá náà ló ń béèrè, kò sí búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé wọ́n rí i?”

Ó wọlé, ó fa àga, ó gbọ́ ọ délẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun á sọ fún àwọn ìyá yòókù, “ṣùgbọ́n gbogbo wa la ó jọ jókòó o.” N ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Èmi náà ò tíì gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ mo ti to àga sílẹ̀ de Sátidé tó ń bọ̀, tọmọ tìyá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín ò ní kọsẹ̀, àárẹ̀ ò ní mọ ọ̀nà ilé yín.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó jìnnà sójú, tí kò jìnnà sọ́kàn.

Àfikún: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ pé ẹnìkan tẹ̀ lé mi lójú títì. Wọ́n á ní kí n di ẹrù mi máa bọ̀ nílé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ẹni bá jiyàn ni.