Abẹ́ Pẹpẹ Ni Ilẹ̀ Ti Rọ̀

Mọ́ńdè, 7 Oṣù Kẹwàá 2019
Yunifásítì yin Wonú-ilẹ̀ lónìí níwájú gbogbo olùkọ́! Ètò kọ̀ǹpútà tèmi ni, tí mo gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹnikẹ́ni ló lè tú inú rẹ̀ wò. Ẹ kó nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ wà àti ohun tí ẹ wọ̀n lórí rẹ̀ sí i, á ya ohun tó wà nísàlẹ̀ fún yín: iyanrìn, àpáta, amọ̀ rírọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Màámi ló kọ́kọ́ lò ó kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn tuntun lọ́nà Alapoti. Nínú àwòrán, amọ̀ bọ́ síbi ìgbọ́kọ̀sí, gbọ̀ngàn wà lórí ilẹ̀ líle. Mo jó nínú ọ́fíìsì lónìí, kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín.

Tọ́sìdé, 10
Orin ìyàsímímọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Sọ́ńdè 20 ni wọ́n máa ṣí gbọ̀ngàn, akọrin sì ni Màámi. "Ọmọ mi ló bá wọn yẹ ilẹ̀ yẹn wò o!" Gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Sátidé, 12
Yéè! Mo gbé!
Ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, Hàlímọ̀tù, akẹ́kọ̀ọ́ láti Adó-Odò, tú inú Wonú-ilẹ̀, ó wá kọ̀wé sí mi. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ló ní. Ó ní nọ́ńbà tí àwọn sọ̀féyọ̀ wa ń kọ sórí pílánù, ìwọ̀n àtijọ́ ti Minna ni, èyí tí wọ́n ń kà láti ìlú Minna. Ti fóònù táa ń gbé lọ sórí ilẹ̀ yàtọ̀, ti sátẹ́láìtì ni. Èmi wá da méjèèjì pọ̀. Gbogbo àwòrán ti yẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ — bíi gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan!
Ta ni kò mọ̀ nípa ìwọ̀n Minna nínú iṣẹ́ yìí? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!
Mo tún un ṣe, mo sì kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó. Mo tún àwòrán yà. Amọ̀ ò sí níbi ìgbọ́kọ̀sí rárá. Abẹ́ pẹpẹ ló wà. Pẹpẹ, àti ìjókòó àwọn akọrin.

Sọ́ńdè, 13
Oúnjẹ ò lọ.

Mọ́ńdè, 14
Mo lọ bá Ẹnjiníà Amos tó kọ́ gbọ̀ngàn — Kò-sí-wàhálà là ń pè é ládùúgbò. Mo rò pé á bú mi. Ó kàn ń wolẹ̀. Ó ní òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ti là láti oṣù tó kọjá, àwọn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. "Màdáàmù, àwòrán yín ló fi wá lọ́kàn balẹ̀."

Wẹ́sìdé, 16
Mo sọ fún Màámi. Ó pariwo: ṣé mo fẹ́ dójú ti òun nínú ìjọ ni? Ilẹ̀ tí ẹni Ọlọ́run gbàdúrà sí! Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó jókòó, kò kọrin mọ́.

Fúráìdé, 18
Mo ròyìn fún Pásítọ̀ Fọláwẹwọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì Màámi, ó ní ká jọ lọ wò ó. Kò-sí-wàhálà gbé irin gígùn kan dúró lórí ilẹ̀ níta, lẹ́yìn ògiri pẹpẹ, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì lù ú tí irin fi ń rì fúnra rẹ̀, bíi ṣíbí nínú ẹ̀kọ mímu.
Pásítọ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, abẹ́ kánópì la ó ti sìn ní Sọ́ńdè. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbà tó yíjú sí mi.
"Ọmọ mi, àwọn yòókù tó ti lò ó ńkọ́?"
Mo ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún tó ti gbé e lọ lò: Ìlọrin, Àkúrẹ́, Warri, àwọn ìlú tí mi ò dé rí. Ìlú nìkan ló hàn, kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ìkìlọ̀ tí mo kọ síbẹ̀ ní Sátidé, ẹni mẹ́ta péré ló kà á. Mi ò mọ àwọn tó kù, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ti kọ́.