Bíréèkì Tó Ń Dí Ọkọ̀ Nímú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín tó o ní èèyàn á gùn títí kó tó dé ìdí tábìlì rẹ. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Bó o bá bi wá, a dúpẹ́, bàbá yín wà láàyè, èmi náà wà láàyè, ògiri ẹ̀yìnkùlé tó ní òun fẹ́ wó kò tíì wó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ wúwo, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́ lórí fóònù. Mo gbé fóònù yẹn lé àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó, mo ní nǹkan tó fúyẹ́ báyìí, bó bá já ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Mo bá mú bírò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá yín kó pákó bọ̀ láti ibi ìlagi lórí òkè, tírélà sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń fà á. O mọ òkè náà, o mọ bó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé ẹnu afárá. Láti òkè ló ti ń tẹ bíréèkì, nígbà tó fi máa dé agbedeméjì, èéfín ti ń yọ lára táyà, ó ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kan ilẹ̀, kò sí ohun tó dá a lóhùn. Ọlọ́run ló ní ká rí yanrìn tí àwọn tó ń ṣe títì kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, inú rẹ̀ ló yà sí. Pákó kan yọ wá láti ẹ̀yìn, ó dúró síbi gíláàsì ẹ̀yìn orí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ béèrè ọ̀nà. Nígbà tó délé, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé yanrìn dára. Láti ọjọ́ náà, bó bá tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ a máa tẹ ilẹ̀, a máa tẹ ilẹ̀. Ìwọ náà kúkú mọ ẹsẹ̀ yẹn, ìwọ lò ń fi bàtà ránṣẹ́. Ti ọ̀tún ló máa ń lu, bàtà òsì méje ló wà ní igun yàrá wa báyìí tí wọ́n ṣì ń dán.

Mẹkáníìkì rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Má-kánjú, ló wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní bíréèkì ẹsẹ̀ kò ṣẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Ó ní irú bíréèkì kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ọkọ̀ elépo dísẹ́ẹ̀lì. Bó o bá tẹ súìṣì, ilẹ̀kùn kékeré kan á pa dé nínú páìpù, èéfín ò ní rọ́nà lọ, ẹ́ńjìnnì á fà sẹ́yìn, ọkọ̀ á rọra máa lọ fúnra rẹ̀. Bíréèkì ẹsẹ̀ á wà ní tútù di ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Mo ní èéfín? Ó ní èéfín. Orí mi wú. Èéfín tí mo ti ń lé kúrò lára aṣọ tí mo sá láti ọdún méjìlélógún, òun náà ló máa wá bá mi di ọkọ mi mú.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu tàn mí. Mo lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé wa, mo sáré bọ̀, mo fi ọwọ́ dí imú, mo pa ẹnu dé. Ọmọ mi, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ́ra fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, ojú mi yọ síta. Káfíńtà ní ṣé kò sí wàhálà. Mo ní rárá, bíréèkì ni mò ń dán wò. Ó wò mí títí, ó ní ẹ kú ìdánwò. Mo padà sílé, mo ti gbà gbọ́.

Nígbà náà ni àwòrán bíréèkì méjì àti fọ́ọ̀mù tí Má-kánjú ní kó o bá wa gbà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bíréèkì náà dé. Mo fọwọ́ kí mo tó dì í mú. Fọ́ọ̀mù náà béèrè bóyá jíà ọkọ̀ ń yí ara rẹ̀ padà, mo kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ọkọ mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ orí ọkọ̀, mo ní ó fi oṣù mẹ́rin ju ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin lọ. Ó béèrè ìwọ̀n ẹrù tí à ń fà, mo ní kí àwọn ará ibi ìlagi wọn pákó, kí wọ́n wọn tírélà, kí wọ́n wọn bàbá yín náà pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ àti ìgò omi rẹ̀, torí irọ́ ò dára lórí ìwé. Ó wá béèrè ìbú páìpù. Mo fi téèpù tí mo fi ń ránṣọ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin gééré. Mo kọ márùn-ún. O rántí aṣọ iléèwé rẹ, bí mo ṣe rán an tóbi tí mo ká etí rẹ̀ sókè, tó o fi wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Mo ní ohun olówó ńlá báyìí, a ò gbọdọ̀ rà á kó wá fún ọkọ̀ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún ni mo fi rán awakọ̀ èrò kan sí ọ lọ́jọ́ Ajé.

Má-kánjú yà wá lọ́jọ́ kejì, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ fún un, inú mi ń dùn. Ó jókòó sórí táyà. Ó ń fi àkísà nu ìka kan ṣoṣo, ó nù ún títí.

Ó ní, “Ìyá, ọkọ̀ kì í dàgbà.”

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ó ní bí bíréèkì náà bá tóbi ju páìpù lọ, èéfín á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá jáde, bàbá yín á tẹ súìṣì lórí òkè, nǹkan kan ò ní dì í mú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ èwo ni ká mú nínú méjèèjì tún wà ńlẹ̀. Bàbá yín ní èkíní ni òun fẹ́, torí kò ní wàhálà. Má-kánjú ní ilẹ̀kùn ti èkíní ní ihò kan tí kì í pa dé, kí àyà ẹ́ńjìnnì má bàa bẹ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, ibẹ̀ ni gbogbo èéfín ń bá lọ. Ó ní ti èkejì, ihò rẹ̀ ní ìdérí tó ń dúró ní pípadé, ìgbà tí èémí inú rẹ̀ bá pọ̀ jù nìkan ló ń ṣí, ìyẹn ló lè di ẹni tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ mú. Bàbá yín ní ó pé ọdún méjìlélógún tí òun ti ń fi bíréèkì ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, pé lọ́jọ́ Ẹtì òun máa kó pákó lọ, bíréèkì wà ni o, kò sí ni o. Má-kánjú ò bá a jà. Ó lọ yá irú èkejì yẹn lára ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, fún òwúrọ̀ kan péré, ó dè é mọ́ tiwa lánàá. Mo ní èmi náà máa wọ ọkọ̀.

Ẹrù kún, tírélà wà lẹ́yìn. Nígbà tí a yọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, bàbá yín tẹ súìṣì. Ohùn kan jáde nísàlẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ti dé. Ọkọ̀ fà sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n di etí aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan. Gbogbo ìwọ̀n pákó yẹn, irin, táyà, wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí èéfín lẹ́nu. Mo wá wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá yín wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò tẹ nǹkan kan. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, mi ò rí i kí ẹsẹ̀ yẹn sinmi lórí òkè yìí rí. Òun náà wò ó. Ẹnu afárá ló ti wá tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ti tú bíréèkì náà padà fún olóhun. Bí wọ́n ṣe tú u tán, bàbá yín yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Mú un dání. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn mọ́ títí yóò fi dé.”

Mo ti so ó mọ́ téèpù mi, ó wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọ̀gá ibi ìlagi ń kùn, ó ní bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, òun á wá awakọ̀ mìíràn. Nítorí náà, ìyá mi, fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí kan, lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, bá mi fa ìlà sórí márùn-ún, kọ mẹ́rin. Èkejì ni kí wọ́n fún ọ. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ṣe é, kì í ṣe bàbá rẹ, kí wọ́n má fojú ẹni tí ò mọ ọkọ̀ wò ó.

Bàbá yín á fi owó bíréèkì ránṣẹ́. Owó tí èmi ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò ju ti bàtà kan lọ, bàtà rẹ̀ ni. Má ra méjì bó o ṣe máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rò pé ọ̀tún àti òsì á jọ gbó.

Ọlọ́run á máa bá ọ ṣọ́ àtẹ̀gùn yẹn, ní gígùn àti ní sísọ̀. Níbi tí ayé bá ti dà gẹ̀rẹ́ fún ọ, wàá rí ohun tó máa dì ọ́ mú, bí ojú ò tiẹ̀ rí i.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.