Ẹ̀bẹ̀ Oníbéèsì

                                        Yàrá òkè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù jórinjórin,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tí ó lọ tí kò wẹ̀yìn,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn, àbí òun ló kù tó ń pàṣẹ nínú ilé? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fún ọ ní ọ́fíìsì tó ní fèrèsé. Mo bá ọ yọ̀. Èmi kò tíì ní ọ́fíìsì, fèrèsé nìkan ni mo ní, ojú fèrèsé náà ni mo sì wà tí mo fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Ara wa le. Màmá ń kí ọ. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó máa ń bá wa dín ṣòkòtò kù nígbà tí a wà ní pólì náà ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó láti kọ.

O mọ ọkọ Àǹtí. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn lo rí i, ọkùnrin tó gba máìkì lọ́wọ́ olùdarí ètò tí kò dá a padà. Alága ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe alága fún, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá ni. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Òun ni alága, ọ̀kan ni igbákejì, ọ̀kan tó kù ni akọ̀wé. Ẹgbẹ́ náà kò ní ọmọ ẹgbẹ́. Táìlì ló ń tà láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìsinmi, á wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ nínú ooru, á gun alùpùpù tí wọ́n ṣe láti máa rin ìrìn àjò láti ìlú kan dé òmíràn, á gùn ún dé ilé epo, á sì padà wálé bí ẹni tó ti ogun dé.

Ní oṣù tó kọjá, Àǹtí lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó bi í léèrè ìgbà tí yóò tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Ìbéèrè náà bá a níbi tó ti ń fi fọ́tò alùpùpù rẹ̀ han àwọn oníbàárà. Ó yíjú sí i, ó ní, “Ìwọ tí mo kó kúrò nínú ìyà, o ti wá ní ẹnu tí o fi ń bi mí ní ìbéèrè?” Ọ̀rẹ́ mi, ìyà wo? Ilé wa níbí ló ń pè ní ìyà. Inú ìyà yìí kan náà ló ti máa ń wá jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kó tó fẹ́ ẹ, tí yóò sì ní kí wọ́n bu sí i. Àǹtí gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó padà wá bá wa nínú ìyà.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, pe àwọn méjèèjì jókòó. Alága ní òun ṣetán láti bẹ̀ ẹ́. Àǹtí ní òun kò fẹ́ aṣọ, òun kò fẹ́ fóònù, ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́: ojú gbogbo ayé ló ti bú òun, ojú gbogbo ayé ni kó ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kó sọ ọ́ pé, “Mo ti ṣẹ̀ ọ́,” kí òun gbé ẹrù òun tẹ̀ lé e lọ sílé. Bàbá Kékeré ní ọ̀rọ̀ kò tún le mọ́. Wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Alága gbọ́ “ojú gbogbo ayé,” ó sì kà á sí iṣẹ́ iná mànàmáná.

Ọjọ́ kejì ló pè mí. “Àna mi, ìwọ tó kàwé nípa iná, wá bá mi wo kiní kan.” Mo lọ. Alùpùpù náà ní sípíkà méjì níwájú, lẹ́yìn gíláàsì tó ń dènà atẹ́gùn. Àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan ni sípíkà kékeré kan wà tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó ní òun ń fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ òun dé oríta. Mo sọ òótọ́ fún un: pé sípíkà yìí dára, ańpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ló kéré, kó wá èyí tó bá wọn mu, tí kì í fún ohùn lọ́rùn, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Mo ṣàlàyé títí. Ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ìpolówó oògùn kòkòrò. Nígbà tí mo parí, ó ní mo gbìyànjú, ó gbé mi sẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n Sípíkà” ni wọ́n kọ sí pátákó ọkùnrin náà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fún un lóyè yìí. Ẹni tó kun pátákó ló fún un, nítorí àyè ṣẹ́ kù. Ó fi ìka lu iwájú alùpùpù bí dókítà ṣe ń lu ikùn aláìsàn, ó pa ètè pọ̀, ó ní ohùn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọkùnrin, kò ní béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń mi ilẹ̀. Ó wá fi ọ̀bẹ yọ àwọn sípíkà kékeré náà, ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́.

“Kí ni kòkòrò yìí ń ṣe níbí?”

Mo ní òun ló ń gbé ohùn tín-ín-rín, pé láìsí i, ènìyàn kò ní gbọ́ “fi,” kò ní gbọ́ “si,” kò ní gbọ́ “ṣi.” Ó bi mí ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ. Mo sọ fún un.

“Ṣé wọ́n ní béèsì níbẹ̀?”

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi di alùpùpù mú.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àpótí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí arìnrìn-àjò ń kó aṣọ òjò àti omi mímu sí, wọ́n gé ojú wọn, wọ́n ki sípíkà bọ̀ ọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú búùtù mọ́tò. Wọ́n de ańpílífáyà mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, ó tóbi tó sítóòfù. Alùpùpù ìrìn àjò wá di ohun tí kò lè gbé búrẹ́dì kan. Nígbà tí wọ́n tan orin sí i láti fi dán an wò, páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n, ìṣó kan já bọ́ láti ara ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí a gbọ́ bó ṣe ń dún, ṣebí ọ̀rọ̀ ni Alága fẹ́ bá Àǹtí sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò mí tàánú-tàánú.

“Ohun tó bá ti gbé béèsì, kí ló tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe?”

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tèmi yìí tilẹ̀ ti sanwó kí wọ́n bá òun yọ ibi tí fèrè ń gbà wọlé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi àdéhùn sí. Alága ti ka ẹ̀bẹ̀ náà sí mi létí lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ kó ṣe ṣókí kó sì wọni lára: “Ìyàwó mi, mo ti ṣẹ̀ ọ́.” Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀bẹ̀ náà dára. Bí ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, kò ní sí lẹ́tà yìí.

Àǹtí ti wọ aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tó ń kọrin sínú. Màmá gbá iwájú ilé, wọ́n tún un gbá. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó fẹ́ padà. Bí a bá fi yíyàn síkàáwọ́ mi, n kò ní yan ọkùnrin náà láti máa ṣọ́ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù.

A kọ́kọ́ gbọ́ orin wọn nínú àyà kí a tó gbọ́ ọ létí. Ife orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ ní kọ̀rọ̀, igbákejì lápá ọ̀tún, akọ̀wé lápá òsì, Alága láàárín. Ó dúró níwájú ilé, kò sọ̀ kalẹ̀, kò ṣí akoto orí rẹ̀. Inú akoto náà ni wọ́n de máìkì sí, nítorí náà kò sí ohun tó ń gbọ́ láyé yìí àfi ohùn ara rẹ̀. Ipò tó bá a lára mu jù lọ nìyẹn.

Ó kí àdúgbò. “Ẹ̀yin ará àdúgbò” ló sọ, ohun tó jáde ni “ọ̀ọ̀n aá àúgbò.” Jórinjórin ìsàlẹ̀ ilé wa pa iná rẹ̀, ó ní àwọn tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ni. Ìyá Onílé òdìkejì ní rárá, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ni, ó sì ń múra láti lọ gbé ìdọ̀tí rẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni Alága wá sọ̀rọ̀. “Ìyàwó mi” jáde láìkù síbì kan, torí kò sí ohun líle kankan nínú rẹ̀ tí béèsì lè fọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àjálù. Gbogbo ọ̀nà tí “ṣ” lè gbà jáde wà nínú ike ìdọ̀tí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nínú béèsì, “ẹ” àti “ọ” kò sì yàtọ̀ síra ju ìbejì lọ. Ìlọsókè-sódò ohùn nìkan ló kù, etí olúkúlùkù ló ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Etí gbogbo àdúgbò wá ẹ̀wù kan ṣoṣo:

“Ìyàwó mi, mo ti kọ̀ ọ́.”

Ariwo ta. Jórinjórin kígbe pé, “Ó kọ̀ ọ́ kẹ̀! Ó jókòó sórí alùpùpù kọ ìyàwó!” Ìyá Onílé gbé ọwọ́ lérí. “Níwájú ìyá tó bí i? Ọmọkùnrin yìí, ta ló kọ́ ọ nílé?” Alága rí i tí ẹnu gbogbo wọn ń mì, tí wọ́n ń ju ọwọ́. Ó rò pé wọ́n ń yin òun. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó wọlé ìbò, ó yí ańpílífáyà sókè, ó tún un sọ. Ó sì tún un sọ. Bàbá Kékeré, tí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí, tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, yíjú sí Màmá, wọ́n ní, “Ó kúkú sọ ọ́ kó yé èèyàn.”

Àǹtí sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn yà fún un. Ó dúró níwájú alùpùpù náà, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kó ṣí akoto. Ó ṣí i.

“Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn,” ó ní. “Ẹ wá fi ẹnu yín sọ ohun tí ẹ sọ.”

Ó pa á. Ìyá Onílé sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún un lójúkojú, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo rí i tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ohun tó kù fún un kò ju kó la ẹnu. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, láìsí wáyà. Ó wo igbákejì. Ó wo akọ̀wé. Ó wo ańpílífáyà, bóyá òun ni yóò gbà á. Ó wá ki ọrùn sínú kọ́là jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ìdí tó fi ń ra sípíkà.

“Èmi kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí ọkùnrin bá ti sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ dáadáa.”

“A gbọ́,” ni Àǹtí wí. “Ẹ máa lọ.”

Wọ́n lọ. Wọn kò rántí pa orin tó ń dún lábẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n tún tan ẹ̀rọ náà, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ náà ń jó lọ dé oríta, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá Àǹtí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti tú báàgì rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ pólì kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ṣàlàyé fún un nípa sípíkà kékeré, nípa “ṣ,” nípa “ẹ” tó di “ọ.” Mo ní kì í ṣe “kọ̀” ló sọ, “ṣẹ̀” ló sọ, mo lè fi Bíbélì búra. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ọkọ mi ni. Ṣé màá ṣì ohùn ẹ̀ gbọ́ ni? Mo kàn ní kó pa ẹ̀rọ, kó tún un sọ ni.”

Ó ní kí n na ìgbátí aṣọ tó ń rán fún òun, mo sì nà án.

Bá mi kí ìyàwó, kí o fi ẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Sọ fún Màmá rẹ pé mo ń bọ̀ wá wo orúnkún wọn. Tí o bá fẹ́ bínú sí mi nítorí pé lẹ́tà pẹ́, fi ẹnu bínú, má lọ ra nǹkan kan.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o ṣe fi mí sílẹ̀,

Wáyà